Tábìlì Olúwa àti Àwọ̀ Ara Ènìyàn

Kò sí ohun tí ó fi ìrẹ́pọ̀ hàn láàárín ènìyàn ju kí wọ́n jọ jẹun lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹni méjì bá ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá, tí àwọn àgbà sì bá wọn parí ìjà náà, a óò pa obì fún wọn, wọn óò sì jọ jẹ ẹ́ ní ojú gbogbo ènìyàn. Nígbà náà ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò tó gbà pé ìjà ti tán. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti bá arákùnrin rẹ̀ jẹ obì náà, bí kò tilẹ̀ la ẹnu rẹ̀ rárá, ó ti sọ gbogbo ohun tí ó wà ní inú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ìsìn Kristi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù ti ń pé jọ yí tábìlì kan ká, tí wọ́n ń jẹ nínú àkàrà kan, tí wọ́n sì ń mu nínú ago kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ Baba kan náà ni gbogbo wọn, ibi yòówù tí a ti bí wọn, àti àwọ̀ yòówù tí ara wọn lè ní. Síbẹ̀, nínú ìtàn ìjọ Kristi, ìgbà púpọ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń fi ẹnu jẹ́wọ́ ìṣọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ ara pín ìjókòó, tàbí àṣẹ, tàbí tábìlì Olúwa pàápàá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ ilé Ọlọ́run. Kì í ṣe òjijì ni ìjọ kan ń jí ní òwúrọ̀, kí ó wá kéde pé láti òní lọ òun kórìíra ènìyàn dúdú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ìtàn mẹ́ta, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti etí odò Ọya, àti ọ̀kan láti Gúúsù Áfíríkà, yóò fi bí ó ti ń wọlé hàn, wọn yóò sì fi ohun tí a fi ń lé e jáde hàn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dára kí a rántí pé ọ̀ràn náà ti pẹ́ ní ayé. Ìlú Áńtíókù ní ilẹ̀ Síríà ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristẹni, ìjọ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Nínú àwọn olùkọ́ márùn-ún tí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì dárúkọ pé wọ́n wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ará Kípírù, ọ̀kan jẹ́ ará Kírénè ní etíkun àríwá Áfíríkà, a sì ń pe ọ̀kan ní Nígérì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ dúdú. Àwọn Júù àti àwọn tí kì í ṣe Júù jọ ń jẹun ní ìlú náà. Nígbà tí Pétérù, àgbà láàárín àwọn Àpósítélì, dé ibẹ̀, òun náà bá wọn jẹun láìbìkítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ti Jerúsálẹ́mù dé, ẹ̀rù bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn, ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn Júù yòókù tẹ̀lé e, títí a fi fa Bánábà pàápàá lọ.

Pọ́ọ̀lù kò gbà pé ọ̀ràn oúnjẹ lásán ni èyí. Ní ojú gbogbo ìjọ ni ó ti bá Pétérù wí, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá dá ní gbangba, gbangba ni a ti í tún un ṣe. Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Ìgbàgbọ́ Pétérù kò yí padà. Kò wàásù pé Ọlọ́run kò fẹ́ àwọn tí kì í ṣe Júù. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó bẹ̀rù ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sọ. Ìbẹ̀rù àwọn ará ilé yìí ni ihò tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń gbà wọ inú ìjọ láti ìgbà náà wá.

Ìtàn kìn-ín-ní jẹ́ ti ìjókòó. Ní ọdún 1760 ni a bí Richard Allen sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó dàgbà, ó gba Kristi gbọ́ nípasẹ̀ ìwàásù àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì. Ìwàásù náà wọ olówó rẹ̀ pẹ̀lú ní ọkàn, ó sì gbà pé kí Allen máa ṣiṣẹ́, kí ó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà. Allen la igi, ó ṣiṣẹ́ ní ibi tí a ti ń mọ bíríkì, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó iyọ̀, títí ó fi san owó náà pé, tí ó sì di òmìnira. Ní ọdún 1786, ó dé ìlú Philadelphia, àwọn alàgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti St. George sì fún un ní àyè láti máa wàásù ní agogo márùn-ún òwúrọ̀. Àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìwà ẹ̀dá lè rò pé inú ìjọ náà yóò dùn sí èyí. Ní ìgbà tí àwọn ènìyàn dúdú kéré ní iye, kò sí ẹni tí ó bìkítà ibi tí wọ́n jókòó sí. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni a ń sún wọn kúrò ní àárín. A kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa jókòó ní ẹ̀bá ògiri, lẹ́yìn náà, nígbà tí a tún ilé náà ṣe tí a sì ṣe àjà ìjókòó sí òkè, a ní kí wọ́n máa gun òkè lọ. Owó àwọn ènìyàn dúdú wà nínú owó tí a fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí àdúrà ti ń lọ lọ́wọ́, àwọn tí ń bójú tó ìjókòó wá bá Absalom Jones, ọ̀rẹ́ Allen, ní orí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á dìde, wọ́n ní kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ sí. Jones bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àdúrà parí ná. Wọn kò gbà. Nígbà tí àdúrà parí, gbogbo àwọn ènìyàn dúdú dìde pọ̀, wọ́n sì jáde kúrò nínú ilé náà. Allen fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún 1787 ni èyí ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òpìtàn mìíràn ń fi í sí ọdún 1792.

Àwọn tí ó jáde kò fi ìkórìíra san ìkórìíra. Ní ọdún 1793, ibà apọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nígbà tí àwọn olówó ń sá kúrò ní ìlú, Allen àti Jones ni wọ́n kó àwọn ènìyàn dúdú jọ láti tọ́jú àwọn aláìsàn àti láti sin òkú, funfun àti dúdú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a ya ilé ìsìn Bethel sí mímọ́ fún ìjọ Allen. Síbẹ̀ àwọn alàgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kò jọ̀wọ́ àṣẹ lórí ilé náà, ọ̀ràn sì dé ilé ẹjọ́ gíga. Ní ọdún 1816 ni ilé ẹjọ́ dá Bethel láre, ní ọdún kan náà sì ni ìjọ A.M.E. bẹ̀rẹ̀, tí Allen sì di bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó pẹ́ kí ìjọ tí ó ṣẹ̀ tó jẹ́wọ́. Ní ọdún 1939 pàápàá, nígbà tí àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì aláwọ̀ funfun ti àríwá àti ti gúúsù Amẹ́ríkà tún ara wọn ṣe ọ̀kan, wọ́n kó àwọn ìjọ ènìyàn dúdú tí ó wà láàárín wọn sí abẹ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀, kìkì nítorí àwọ̀. Títí di ọdún 1968 ni ètò náà fi wà. Ní ọdún 2000 ni àpéjọ gbogbogbòò ìjọ náà ṣe ìsìn ìrònúpìwàdà nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ó lé àwọn ènìyàn dúdú jáde. Ní ọdún 2012, ìjọ náà àti àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ènìyàn dúdú, èyí tí A.M.E. wà nínú wọn, wọ inú májẹ̀mú pé olúkúlùkù yóò máa ka oyè àlùfáà èkejì sí, wọn yóò sì máa jẹ Oúnjẹ Olúwa pọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti fa Jones dìde títí di ọjọ́ májẹ̀mú yìí lé ní igba ọdún.

Ìtàn kejì jẹ́ ti àṣẹ. Kò sí ẹni tí ó fa Samuel Ajayi Crowther dìde ní orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó tẹ́ ìjókòó ọlá fún un. Ṣùgbọ́n a lè fún ènìyàn ní àga, kí a má sì fún un ní agbára tí ó bá àga náà rìn.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn. Ní ọdún 1821, ogun kó o, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. A fi í jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun ni aṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Láti ọdún 1857 ni òun àti àwọn ọmọ Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbin ìjọ sí etí odò Ọya, láti Oníṣà dé àwọn ìlú òkè.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà náà, Henry Venn, gbàgbọ́ gidigidi pé ìjọ Áfíríkà gbọ́dọ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ìhìnrere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nípa akitiyan rẹ̀ ni a fi fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìsìn ńlá ti Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1864. Ọlá ńlá ni èyí jẹ́ fún ènìyàn dúdú gbogbo.

Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ ọlá náà gan-an ni ògiri ti lanu. Àwọn àjíhìnrere òyìnbó tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Henry Townsend ti Abẹ́òkúta jẹ́ aṣáájú wọn, kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn. Nítorí tiwọn, a fi Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó sí ẹ̀yìn ààlà bíṣọ́ọ̀bù tuntun náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọmọ Yorùbá tí ó túmọ̀ Bíbélì fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ní àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù lórí ìjọ wọn. Àwọn tí ó ṣe ètò náà rò pé ọgbọ́n ni àwọn fi pa ìjà. Wọn kò mọ̀ pé bí a bá ti gbà lẹ́ẹ̀kan pé òyìnbó lè kọ olórí nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn yóò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Venn kú ní ọdún 1873, alátìlẹyìn Crowther lọ. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí odò Ọya ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún náà. Ìtara wọn pọ̀, sùúrù wọn kò tó nǹkan. Òtítọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ níbẹ̀ ti ṣe àṣìṣe, Crowther pàápàá kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò wọ̀nyí kò fọwọ́ kan ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ ṣe ìdájọ́ ẹ̀yà kan lódindi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà tí Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, akọ̀wé òyìnbó kéde pé òun ti dá àwọn àlùfáà kan dúró ní ẹnu iṣẹ́. Dandeson Crowther, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, wà nínú wọn. Baba arúgbó náà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, béèrè bóyá akọ̀wé ni ó ní àṣẹ lórí àwọn àlùfáà, tàbí bíṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tí kò rí ìdáhùn tí ó tọ́, ó kọ̀wé kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi sí ipò rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí dun àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Áfíríkà wọ inú egungun. Àlùfáà James Johnson gbèjà Bíṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ìgboyà. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹnu odò Ọya, lábẹ́ Dandeson Crowther, yàn láti máa bọ́ ara wọn kí wọ́n sì máa ṣe àkóso ara wọn. Ní Èkó, ìjọ United Native African ti dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 1891. Àwọn onítẹ̀bọmi ti ṣáájú wọn: ní ọdún 1888, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò lábẹ́ àjíhìnrere òyìnbó láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Mojola Agbebi jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1914, nígbà tí àwọn ìjọ onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá tún para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, Agbebi kan náà ni a fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ìṣọ̀kan ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ̀. Ìṣọ̀kan ti ẹṣin àti ẹni tí ń gùn ún ni wọ́n kọ̀.

Ọdún 1952 ni a dá ẹkùn bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn sílẹ̀, tí A. B. Akinyele sì di bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí Crowther ti kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, a ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, nínú ilé kan náà tí a ti gbé ọwọ́ lé e ní orí. Justin Welby, tí ó jẹ́ Olórí Bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ní ìgbà náà, wàásù níbẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ ènìyàn ńlá náà ní gbèsè àforíjì, nítorí pé a fi í jẹ oyè tán, a sì já a kulẹ̀.

Ìtàn kẹta jẹ́ ti tábìlì fúnra rẹ̀, òun ni ó sì burú jù lọ, nítorí pé ohun tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ di òfin orílẹ̀-èdè kan. Àwọn ará Hólándì tí ó tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà mú ìjọ wọn lọ́wọ́ dé ibẹ̀, èyí tí a ń pè ní Dutch Reformed. Ní ọdún 1829, Sínọ́ọ̀dù ìjọ náà, èyíinì ni ìpàdé àwọn aṣojú rẹ̀, pinnu pé gbogbo onígbàgbọ́ ni yóò máa jẹ Oúnjẹ Olúwa pọ̀, láìka àwọ̀ sí. Ìpinnu náà dára, ó sì bá Ìwé Mímọ́ mu.

Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun kan kò jẹ́ gbà ní ọkàn wọn. Ní ọdún 1857, Sínọ́ọ̀dù tún jókòó. Kò sọ pé ìpinnu ti ìṣáájú kò dára. Ó ní ó dára, ó sì bá Ìwé Mímọ́ mu. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, nítorí àìlera àwọn kan, níbi tí jíjókòó pọ̀ bá ń dí iṣẹ́ Kristi lọ́wọ́, kí àwọn ènìyàn dúdú máa ṣe ìsìn tiwọn nínú ilé ọ̀tọ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, a óò rí i pé ìwà Pétérù ní Áńtíókù ni èyí. Ṣùgbọ́n kò sí Pọ́ọ̀lù kan tí ó dìde dá ìpinnu náà dúró.

Ohun tí a ṣe nítorí àìlera àwọn kan kò pẹ́ di àṣà gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1881, a dá ìjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ àdàpọ̀. Lẹ́yìn náà a dá ti àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀ lọ́tọ̀, àti ti àwọn ará Índíà lọ́tọ̀. Àṣà náà wá di ẹ̀kọ́; àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí wá inú Bíbélì láti fi hàn pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ kí ẹ̀yà máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1948, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gba ìjọba sọ ìyàsọ́tọ̀ di òfin ilẹ̀ náà, lábẹ́ orúkọ apartheid. Olórí ìjọba náà, D. F. Malan, ti jẹ́ àlùfáà nínú ìjọ Dutch Reformed rí. Òfin ń sọ ibi tí ènìyàn lè gbé, ẹni tí ó lè fẹ́, àti ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ lè lọ. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀bá tábìlì Olúwa ti dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé.

Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ kò ṣàìsí. Ní ọdún 1957, ìjọba ń gbèrò òfin tí yóò fún mínísítà ní agbára láti dí ènìyàn dúdú lọ́nà àtilọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun. Geoffrey Clayton, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù ti Cape Town, fi ọwọ́ sí ìwé kan sí ìjọba ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta pé àwọn kò lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn kò sì lè gba àwọn ènìyàn wọn níyànjú láti pa á mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn mọ́kàndínláàádọ́rin ní Sharpeville. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ìjọ pàdé ní Cottesloe, wọ́n sì fi ẹnu kò pé a kò lè fi àwọ̀ dí ẹnikẹ́ni tí ó gba Kristi gbọ́ lọ́nà àtiwọ ìjọ kankan. Àwọn aṣojú Dutch Reformed kan fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n olórí ìjọba ìgbà náà, Verwoerd, bínú, àwọn Sínọ́ọ̀dù wọn sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú náà, Beyers Naudé, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìran àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ní ọlá ni a ti bí i, ìjọ ńlá ni ó sì ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ ní Johannesburg. Ní ọdún 1963, a ní kí ó yàn nínú méjì: ipò àlùfáà rẹ̀, tàbí iṣẹ́ ìlàjà láàárín dúdú àti funfun tí ó ti dáwọ́ lé. Ó yan iṣẹ́ ìlàjà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ìjọba sì fi òfin dè é láti ọdún 1977 títí di ọdún 1984, tí kò lè bá àwùjọ sọ̀rọ̀, tí a kò sì lè tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.

Láti inú àwọn ìjọ tí a yà sọ́tọ̀ ni ohùn tí ó lágbára jù ti wá. Ní ọdún 1982, àwọn ìjọ Reformed gbogbo àgbáyé pàdé ní Ottawa ní ilẹ̀ Kánádà. Àwọn aṣojú kan láti Gúúsù Áfíríkà, tí Allan Boesak jẹ́ aṣáájú wọn, kọ̀ láti jẹ Oúnjẹ Olúwa níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè bá àwọn ará ilé àwọn jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí àwọn jẹ ẹ́ ní ilé. Ọ̀rọ̀ yìí gún gbogbo àpéjọ ní ọkàn. Wọ́n kéde pé àdámọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó ń fi Bíbélì ti apartheid lẹ́yìn, wọ́n sì dá ìjọ aláwọ̀ funfun méjì dúró nínú ẹgbẹ́. Ní ọdún kan náà, ìjọ àwọn aláwọ̀ àdàpọ̀ kọ ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan ní Belhar, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1986. Ohun tí ó sọ ni pé ìṣọ̀kan ìjọ gbọ́dọ̀ hàn sí ojú, àti pé Ọlọ́run ń dúró ti ẹni tí a ń pọ́n lójú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, ní ìpàdé àwọn ìjọ ní Rustenburg, Willie Jonker, ọ̀mọ̀wé nínú ìjọ Dutch Reformed, dìde ní iwájú gbogbo ènìyàn. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi ara rẹ̀ àti ti ìjọ rẹ̀ nínú ìyà tí apartheid fi jẹ ènìyàn. Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu dìde, ó sì gba ìjẹ́wọ́ náà. Àwọn kan bínú pé ó yá a lẹ́nu jù. Tutu gbà pé ẹni tí a bá bẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1994, ọjọ́ mẹ́tàlá kí gbogbo ẹ̀yà tó jọ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọ àwọn aláwọ̀ àdàpọ̀ àti ìjọ àwọn ènìyàn dúdú di ọ̀kan. Ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun kò sí nínú ìṣọ̀kan náà. Ohun tí ìpinnu ọjọ́ kan tú ká ní ọdún 1857, ìpinnu ọjọ́ kan kò tó láti kó o jọ.

Bí a bá gbé ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka orí ara wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ní Philadelphia, nítorí àwọn kan tí kò fẹ́ kúnlẹ̀ ti ènìyàn dúdú ni a fi sún wọn lọ sí òkè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí àwọn kan tí kò fẹ́ olórí dúdú ni a fi gé àṣẹ Crowther kù. Ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí àìlera àwọn kan ni a fi pín tábìlì. Nítorí àwọn kan: ọ̀rọ̀ náà kéré, ó sì jọ ọ̀rọ̀ àánú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń hùwà àìdára ni a ṣàánú, kì í ṣe ẹni tí a hù ú sí. Àìlera tí ó yẹ kí a wòsàn ni a tẹ́ ẹní fún kí ó sùn.

Ìtàn náà sì tún ẹ̀bi gbé lé orí ẹni tí ó ni í. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pe àwọn tí ó jáde nínú ìjọ nítorí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní olùpín ìjọ níyà. Kì í ṣe Jones tí ó jáde ni ó pín ìjọ St. George, ẹni tí ó fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni ó pín in. Bákan náà ni ìlàjà kò fi ìgbà kan wá nípa kí a gbàgbé. Ẹni tí a ṣẹ̀ ní láti sọ òtítọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ní láti jẹ́wọ́ ní gbangba. Lẹ́yìn èyí ni a óò tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, egbò náà yóò jinná ní òkè, ọyún yóò sì wà ní ìsàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ràn òyìnbó nìkan ni èyí ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ibikíbi tí a bá ti ń sọ pé ọmọ ìlú báyìí kò gbọdọ̀ ṣe olórí ìjọ wa, tàbí pé kí àwọn tí ń sọ èdè báyìí lọ máa jókòó lọ́tọ̀, imú ẹlẹ́dẹ̀ ti yọ ní ojú ọgbà. Ìgbà tí imú nìkan ni ó wọlé ni ó rọrùn láti lé e. Bí a bá dúró di ìgbà tí gbogbo ara rẹ̀ wọlé tán, àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò máa ká èso oko tí ó bàjẹ́.